Òpó, Ilẹ̀kùn àti Kìnnìún Sìmẹ́ńtì

  Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n n kò ní sọ iye yàrá tàbí iye páànù. Ọnà tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá èyí tí ó ya ènìyàn lẹ́nu nínú rẹ̀: ẹranko tí kò sí nínú igbó kankan, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di ẹja, ejò tí ó gbé odidi ẹran sẹ́nu, orí ènìyàn tí ewé ń hù yí i ká.

Ẹni tí ó bá ti Ọjà Igbó gbéra, tí ó rìn yí àwọn àdúgbò àtijọ́ ká ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé Ọ̀yọ́, yóò máa rí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá wa kọ́ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960. Wọ́n tẹ orí fèrèsé kọrọdọ bí ọrun, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ òdòdó sí i, wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n parí ilé sí iwájú rẹ̀. Lórí òmíràn ẹ ó rí kìnnìún méjì tí wọ́n kọjú síra. Ìrù wọn ká sókè, ojú wọn yọ síta, ẹnu wọn sì dà bí ẹnu ẹni tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi kò gbà pé bíríkìlà tí ó mọ wọ́n fojú kan kìnnìún rí láyé rẹ̀. Níbo ni ó ti rí àwòrán rẹ̀? Kí ló dé tí kò fi ṣe ẹkùn, tí gbogbo wa mọ̀?

Ọ̀nà tí kìnnìún yẹn tọ̀ wá jìn púpọ̀. Ó gba Róòmù, ó gba Pọtogí, ó la òkun kọjá sí Bràsíl, ó gúnlẹ̀ sí Èkó kí ó tó wá gun ògiri lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́-Ilé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí a ti ní ọnà tiwa kí kìnnìún tó dé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wọ Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Kàtúńgà. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, bá a wá. Ó lo ju oṣù kan lọ níbẹ̀ kí ó tó kọjá lọ sí ìhà àríwá, ó sì kú sí Sókótó ní 1827. Ìwé tí ó ń kọ lójú ọ̀nà di títẹ̀ ní 1829. Nínú ìwé yẹn ni ó ti sọ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ fẹ́ràn kí wọ́n máa gbẹ́ ọnà sí ara ilẹ̀kùn àti sí ara òpó tí ó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró, àti pé ère ọkùnrin àti ti obìnrin ń dúró nínú àgbàlá wọn. Ó ka ohun tí ó rí lára òpó náà fún wa. Èkíní ni òjòlá tí ó gbé ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹtu sẹ́nu. Èkejì ni àwọn ọkùnrin tí ń kó ẹrú. Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́ṣin tí ó ń fa ẹrú lẹ́yìn.

Clapperton kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó ní ojú tí ń rí nǹkan. Láàárín ọdún mẹ́wàá sí ìgbà náà, ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká. Àwọn kan lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan sí Ìbàdàn, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí dó sí ibi tí a ń pè ní Àgọ́ Ọjà tẹ́lẹ̀. Igi àti amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé nígbà náà, koríko ni wọ́n fi bò ó. Iná, òjò àti ikán kò fi òpó kan sílẹ̀ fún wa.

Kí ni ọnà yẹn ń wí? Ẹ wo òjòlá àti ẹtu. Ẹtu ní ẹsẹ̀, ó lè sáré. Òjòlá kò ní ẹsẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń wọ́ kiri. Síbẹ̀ òun ni ó gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mì. Bí a bá gbẹ́ irú èyí sí ẹnu ọ̀nà ààfin, èmi gbà pé ẹni tí ń bọ̀ wá kí ọba ni a ń bá sọ̀rọ̀: má wo ìdákẹ́jẹ́ ibi yìí. Ẹlẹ́ṣin àti ẹrú kò sì fẹ́ ìtumọ̀. Agbára Ọ̀yọ́ wà lórí ẹṣin, a sì mọ ohun tí wọ́n fi agbára náà ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹrú orí òpó yẹn sọ́kàn. A ó tún pàdé rẹ̀.

Ọnà ilé kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè ṣe bó ti wù ú. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, sọ pé Aláàfin Aganjú ni ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún ààfin níwájú àti lẹ́yìn, tí ó to òpó idẹ sí i, tí ó sì dá àṣà fífi aṣọ ṣe ààfin lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ọdún sílẹ̀. Ọba yìí kan náà ni wọ́n ní ó ń sin ẹkùn. Bákan náà ni kọ̀bì, orúlé ṣóńṣó tí ó yọ síwájú lórí òpó: ti ọba ni. Olówó kì bá kọ́ ọ sí ilé rẹ̀, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá rí kọ̀bì láti òkèèrè ti mọ̀ pé ààfin ni òun ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ sí ìlú Róòmù, ní nǹkan bí 1480. Ilẹ̀ là sí ihò ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán so okùn mọ́ ìdí, wọ́n fi iná ògùṣọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn nínú yàrá. Ààfin Nero ni, ọba Róòmù tí ó ti kú láti ọdún 68, tí iyẹ̀pẹ̀ ti bò ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ògiri àti àjà rẹ̀ kún fún àwòrán: ènìyàn tí ìdí rẹ̀ di ewé, ẹyẹ tí ó ní orí obìnrin, ewúrẹ́ tí ìrù rẹ̀ di ìrù ẹja, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbé ilé ńlá dúró. Nítorí pé inú ihò ni wọ́n ti rí i, wọ́n fi orúkọ ihò pe irú ọnà yìí ní èdè wọn. Ayàwòrán ńlá tí ń jẹ́ Raphael àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yà á sí ààfin Póòpù ní nǹkan bí 1517 sí 1519, láti ìgbà náà ni kò sì sí olówó ilẹ̀ Itálì tí kò fẹ́ ẹ sára ilé rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi rẹ́rìn-ín ni pé nǹkan bí 1,500 ọdún ṣáájú ni ọmọ Róòmù kan, Vitruvius, tí ó kọ ìwé nípa ilé kíkọ́, ti bínú sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó ní nǹkan tí kò sí, tí kò sì lè sí, kí ni wọ́n ń yà á sí? Esùsú ha lè gbé òrùlé dúró bí? Àwọn tí ó ń fi ìwé rẹ̀ kọ́ṣẹ́ kà á, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì tún ya àwòrán wọn.

Báwo ni ọnà inú ihò kan ní Róòmù ṣe wá dé ọwọ́ káfíńtà ní Jámánì àti ní Pọtogí? Ìwé ni. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ kò ní ṣòro fún láti lóye èyí, nítorí ẹ mọ igbá fínfín. Ẹni tí ń fín igbá a mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, a sì fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara igbá títí àwòrán yóò fi yọ. Àwọn òyìnbó mú irin, wọ́n sì fín àwo bàbà pẹlẹbẹ gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tàdáwà wọ inú ilà, wọ́n nu ojú bàbà mọ́, wọ́n gbé bébà lé e, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Àwòrán inú ilà a lẹ̀ mọ́ bébà. Igbá kan, ilé kan ni ó ń lọ. Ṣùgbọ́n bàbà kan lè bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé, kí ìwé náà sì dé ibi tí ẹni tí ó fín in kò dé rí. Ní ìlú Antwerp, Hans Vredeman de Vries ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìwé báyìí fún àwọn ọ̀mọ̀lé àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Wendel Dietterlin, ará Strasbourg, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ tirẹ̀ jáde ní 1593. Èyí tí ó pé pérépéré jáde ní Nuremberg ní 1598, ọdún kan kí ó tó kú, àwòrán inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 200. Ẹnu ọ̀nà, ibi ìdáná, orísun omi, ibojì, kò sí èyí tí kò fín. Ẹranko, egungun òkú, èso àti ewé lọ́ mọ́ra wọn lára òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi mọ ibi tí ilé parí sí àti ibi tí ẹranko ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé náà lè rò pé ara ọkùnrin yìí kò yá. Ara rẹ̀ yá o. Láti ayé Vitruvius ni wọ́n ti ń sọ pé òpó jọ ènìyàn: irú kan ki bí ọkùnrin, irú kejì dà bí ìyálé, irú kẹta rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí wúńdíá. Ohun tí Dietterlin ṣe ni pé ó fa ọ̀rọ̀ yìí títí dé òpin rẹ̀. Bí òpó bá jẹ́ ènìyàn lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí ó ní ojú, kí ó ní ìrùngbọ̀n, kí inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ẹrù tí ó rù.

Níbi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi tiwọn wé tiwa. Vitruvius ròyìn pé òpó tí a gbẹ́ ní àwòrán obìnrin, àwọn obìnrin ìlú Karyai ni. Ìlú wọn ṣẹ̀ sí àwọn Gíríìkì, a ṣẹ́gun rẹ̀, a kó àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́rú, a sì gbẹ́ wọn sí abẹ́ òrùlé kí wọ́n lè máa rù ú títí ayé gẹ́gẹ́ bí ìyà. Nígbà náà ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ fún ààfin Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọba jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, adé wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì dúró, ó ga jù ú lọ fíìfíì, òun gan-an ni ó sì gbé ilé dúró. Kò sí ìyà nínú rẹ̀. Ohun tí ère yẹn ń sọ ni pé lẹ́yìn ọba ni obìnrin wà, àti pé bí kò bá sí i níbẹ̀, òrùlé yóò wó. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbéra ga jù: ẹrú wà lára òpó tiwa pẹ̀lú, Clapperton rí i.

Ọnà tiwa àti ọnà tiwọn pàdé ju bí a ti rò lọ. Ní ìlú Ulm, ní Jámánì, ọkùnrin oníṣòwò kan wà tí ń jẹ́ Christoph Weickmann, ẹni tí ń kó àwọn ohun àràmàǹdà jọ. Ní 1659 ó tẹ ìwé tí ó fi ka ohun tí ó wà nínú ilé rẹ̀. Ọpọ́n Ifá kan wà nínú wọn, tí a mú wá láti ìjọba Allada, èyí tí ó wà ní Orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Etí ọpọ́n náà kún fún ènìyàn àti ẹranko, wọ́n fún mọ́ra bí èrò ọjà. Ó ṣì wà ní Ulm títí di òní, kò sì sí igi gbígbẹ́ irú ti Yorùbá tí a mọ̀ pé ó dàgbà jù ú lọ tí a tọ́jú pamọ́. Ìlú Ulm kò jìnnà púpọ̀ sí Stuttgart, níbi tí Dietterlin ti ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún ṣáájú. Bí àwọn ará Ulm ti ń ṣí ìwé rẹ̀ wò, ni wọ́n lè rìn lọ wo ọpọ́n tiwa.

Ejò tí ó gbé ìrù ara rẹ̀ sẹ́nu tún wà. Wọ́n tẹ ìwé kan ní Venice ní 1505, ìwé Horapollo, tí ó sọ pé ejò yìí ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń ṣe àmì gbogbo ayé. Láti inú rẹ̀ ni ó ti bọ́ sínú àwòrán àwọn afínbàbà. Ẹ kọjá sí Abomey, níbi tí àwọn ọba Dàhọ̀mì ti fi amọ̀ mọ ọnà sára ògiri ààfin tí wọ́n sì kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, ẹ ó rí ejò náà níbẹ̀, ejò òṣùmàrè, ó di ìrù rẹ̀ mú. Ta ni ó rí i lọ́wọ́ ta? N kò rò pé ẹnì kankan rí i lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹni tí ó bá ti rí ejò tí ó ká jọ, tí ó sì ti ronú nípa ohun tí kò ní òpin, lè dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ ẹja kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó wà lára eyín erin tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ gbẹ́, ó wà lára idẹ Bìní: ọba dúró, ẹja àrọ̀ méjì sì wà ní ipò ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Bìní máa ń sọ ìtàn Ọba Ohẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tí wọ́n sì fi sọ pé ó ti di ti Olókun. Àwòrán tí ó jọ ọ́ gidigidi, obìnrin oníru ẹja méjì, wà nínú ìwé àwọn òyìnbó àti lára ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lórí èyí, àwọn kan ní ó gba òkun tàbí aṣálẹ̀ wá. Èmi wo àrọ̀ fúnra rẹ̀: ẹja tí ó lè wà nínú ẹrẹ̀ nígbà tí odò bá gbẹ, tí ó ń gbé inú omi àti orí ilẹ̀. Ẹni tí ó mọ irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò nílò kí àlejò wá kọ́ ọ bí a ti í fi í ṣe àmì ọba.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹrú orí òpó. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó lọ, àwọn ènìyàn Ọ̀yọ́ fúnra wọn ni wọ́n wá di ẹni tí ẹlẹ́ṣin ń fà lẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni a kó kọjá òkun sí Bàhíà ní Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Salvador ni olú ìlú Bàhíà. Àwọn Pọtogí ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá síbẹ̀, wọ́n sì ti fi ọnà inú ìwé wọn bò wọ́n. Iwájú ọ̀kan nínú wọn, ti ẹgbẹ́ Francis Mímọ́, tí a kọ́ ní 1703, jẹ́ òkúta gbígbẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè: orí ènìyàn, ewé, òpó tí ó jẹ́ ènìyàn. Nígbà tí àṣà yí padà, wọ́n rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ pátápátá, gbogbo ènìyàn sì gbàgbé rẹ̀. Àárín 1930 sí 1939 ni ó tó tún fara hàn, nígbà tí wọ́n ń fa wáyà iná, tí nǹkan ìrẹ́lé sì jábọ́.

Nínú ìlú yẹn ni àwọn ènìyàn wa ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Nàgó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Ìjọba lé àwọn kan kúrò nílùú, ayé sì há mọ́ àwọn tó kù. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá ti ra ara rẹ̀ padà a máa wá ọkọ̀ òkun tí ń bọ̀ nílé. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà ní Èkó, orúkọ wọn sì wà lára Pópó Àgùdà títí di òní. Mọ́sálásí tí Mohammed Shitta Bey kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà kan tí ń jẹ́ João Baptista da Costa ni ó darí iṣẹ́ rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, mọ́sálásí ńlá wà tí iwájú rẹ̀ dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà gẹ́lẹ́. Mùsùlùmí ni ó kírun nínú ilé tí ó ní ojú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ohun tí ọwọ́ bíríkìlà mọ̀ nìyẹn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn Àgùdà, àti ọmọ iṣẹ́ wọn pẹ̀lú, ni wọ́n mú ọnà náà wọ òkè wá: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́. Owó kòkó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ní ibi tí kòkó wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ owó òwò ni ó ṣe jù, nítorí àwọn ará ibẹ̀ tàn dé Gold Coast, tí ó di Gánà, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti fi kọ́lé. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde ní ìparí 1969, ilé wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn padà sí. Ilé amọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, sìmẹ́ńtì kàn wà lára rẹ̀ bí ẹ̀wù.

Ẹ wá wo ìdí kìnnìún. Ẹkùn ti ní olówó, ti ọba ni láti ayé Aganjú. Kọ̀bì náà, ti ọba ni. Oníṣòwò tí kì í ṣe ọmọ ọba, tí ó sì fẹ́ kí ilé òun sọ̀rọ̀, kí ni yóò fi sọ ọ́? Kìnnìún kò ní ẹni tí ó ni ín. Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, tí wọ́n parí ní 1884. Ó wà lára àmì ọba Gẹ̀ẹ́sì ní kóòtù, òun àti ẹṣin tí ó hu ìwo kan níwájú orí. Àwọn Àgùdà náà mọ̀ ọ́n láti Bràsíl. Mo gbà pé èyí ni ó jẹ́ kí ó rọrùn láti gbé e sórí ilé láìṣẹ̀ sí ààfin. Bíríkìlà sì fún un ní ojú tí ó mọ̀, ojú yíyọ bíi ti ère igi.

Ọlọ́wẹ̀ náà kò dákẹ́ ní àkókò yìí. Lára ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún Ọgọ̀gà, òyìnbó aṣojú ìjọba ni wọ́n gbé lórí àga wá, Ọgọ̀gà sì jókòó dè é. Àlejò ti rọ́pò òjòlá lára ilẹ̀kùn ọba. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á. Ọgọ̀gà kò gba owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe é. Ilẹ̀kùn wà ní Lọ́ńdọ̀nù di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938.

Ilé Àgùdà tí a mọ̀ jù ní Èkó, Ilọ́jọ̀ Bar ní gbàgede Tinúbú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, ni ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ẹ̀rọ wó o palẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ rìn yí àdúgbò yín ká. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó dúró wo ilé rẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí ẹ bá rí lára ògiri sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ tí ó wà níbẹ̀, ẹ ya òdòdó àti ẹranko rẹ̀ bí ẹ ti rí i gan-an, ẹ sì bi àgbà ilé náà léèrè orúkọ bíríkìlà.